Pajápajá Òru àti Ọ̀já tí Wọ́n Fi Ọ̀bẹ Ẹran Gé

Pajápajá òru ni kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ṣàdédé kó ara rẹ̀ jọ nígbà tí ènìyàn wà lójú oorun, kó le gbagidi, kó sì lóun ò dẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ kò pa á láṣẹ. Àṣẹ tó bá sì pa lẹ́yìn ìgbà náà, ẹsẹ̀ ò ní gbọ́. Ẹ̀yìn ojúgun ló sábà máa ń mú, ṣùgbọ́n ó lè mú àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí itan. Òmíràn kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, òmíràn a tó ìṣẹ́jú mélòó kan gbáko, ojú ibẹ̀ a wá máa ro ni títí di ọjọ́ kejì. Àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún 50 ló ń dààmú jù, àti àwọn aláboyún, pàápàá nígbà tí oyún bá ti kọjá ìdajì. Kì í pa ènìyàn. Ìtìjú tó máa ń kó bá ènìyàn ni àwọn ìwé ìṣègùn kì í sọ̀rọ̀ lé lórí, àlàyé yìí yóò sì gbìyànjú láti dí àlàfo náà.

Ẹran ẹ̀yìn ojúgun so mọ́ egungun gìgísẹ̀ nípasẹ̀ iṣan líle kan tí ọwọ́ lè kàn lókè gìgísẹ̀. Bí ẹran yìí bá súnkì, gìgísẹ̀ á gòkè, ìka ẹsẹ̀ á dorí kodò. Bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ gíga ṣe ń dúró nìyẹn. Nínú iṣan líle náà ni àwọn ohun tíntìntín kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n máa wọn bí fífà náà ṣe pọ̀ tó. Bí fífà bá pọ̀ jù, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀pá ẹ̀yìn á dín àṣẹ tó ń rán sí ẹran kù, ẹran á sì dẹ̀. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé orí bẹ́ẹ̀dì ni ètò yìí ti máa ń dàrú. Aṣọ ìbora ń tẹ ìka ẹsẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó sì dojú bolẹ̀ sùn, ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀ nà sẹ́yìn pátápátá. Ẹran ti kúrú ní ipò yẹn kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Bí okùn ìmọ̀lára bá wá ṣèèṣì rán àṣẹ díẹ̀ sí i, yóò súnkì láti ibi tó kúrú dé, iṣan líle kò ní fà, àwọn tó yẹ kó wọn fífà kò ní rí nǹkan kan wọ̀n, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ pé ó tó.

Ìwòsàn ojú ẹsẹ̀ wá ti inú èyí yọ, kò sì le. Kí ènìyàn mú ẹran náà gùn padà tipátipá: kí ó na orúnkún, kí ó fa ìka ẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ ojúgun; tàbí kí ó dìde dúró lórí ilẹ̀ líle, kí ó tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì gbé ìwúwo ara lé e. Fífi ọwọ́ ra ibẹ̀ dára, aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná náà dára lẹ́yìn tí ó bá ti dẹ̀. Ohun tí kò dára ni nínà ìka ẹsẹ̀ síwájú, irú ìnàra adùn tí ènìyàn máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ jí, nítorí òun gan-an ló máa ń pe pajápajá wá. Gbogbo èyí kò ju ìlà mẹ́ta lọ nínú ìwé ìṣègùn. Òǹkọ̀wé yìí fo ìlà mẹ́ta náà, ó lọ ka ibi tó ṣòro.

Ibi tó ṣòro ni ọ̀rọ̀ ìdènà. Bó bá jẹ́ pé ìka ẹsẹ̀ tó dorí kodò lóru ló ń fa wàhálà, ó yẹ kí a lè ká a lọ́wọ́ kò. Àwọn ilé ìwòsàn ní ohun èlò kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: bàtà líle kan tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì dì mọ́ ẹsẹ̀ lóru, tí kì í jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ kúrò ní bó ṣe máa ń wà nígbà tí ènìyàn bá dúró. Àwọn tí gìgísẹ̀ máa ń dùn bí wọ́n bá jí láàárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún. Òǹkọ̀wé yìí rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, ó rí iye owó rẹ̀, ó sì pinnu pé òun yóò ṣe tòun. Ìpinnu náà wáyé ní ilé àna rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní òru tí ìdána àbúrò ìyàwó rẹ̀ ku ọ̀la, tí àlejò ti kún ilé débi pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an ti di ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ sùn sọ́dọ̀ àwọn àbúrò rẹ̀. Nítorí pé òun ni ọkọ àkọ́bí ilé náà, wọ́n fún òǹkọ̀wé ní yàrá olóògbé bàbá ìyàwó rẹ̀, àyẹ́sí tí kò ṣeé kọ̀. Fèrèsé yàrá náà wà níhà orí bẹ́ẹ̀dì, kò ga ju bẹ́ẹ̀dì lọ púpọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló sì kọjú sí. Níbẹ̀ ni àwọn alásè ti dá iná igi, tí wọ́n ń se ẹran mọ́jú.

Ohun èlò náà kò ná an ní kọ́bọ̀. Ó rí ọ̀já kan nínú àpótí aṣọ tó wà nínú yàrá, aṣọ òkè tó nípọn tó sì gùn. Ó fi àárín rẹ̀ gbé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, nísàlẹ̀ ìka, ó ta á ní ojóbó níbẹ̀ kó má baà yọ̀, ó wá fa etí rẹ̀ méjèèjì gba ojúgun àti itan kọjá títí dé irin fèrèsé, ó sì so wọ́n mọ́ irin. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé bí orúnkún bá ti nà, ọ̀já á le, ìka ẹsẹ̀ á sì máa wo òkè. Àbùkù ibẹ̀ ni pé bí orúnkún bá ká, ọ̀já á dẹ̀, gbogbo iṣẹ́ á sì dòfo. Òǹkọ̀wé rí àbùkù yìí. Ó dín ọ̀já kù títí ẹsẹ̀ ọ̀tún fi gbéra kúrò lórí fóòmù, ó kó ìrọ̀rí sábẹ́ rẹ̀, ó sì wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Ṣáájú ìgbà náà ló ti ti ilẹ̀kùn pa, kí ọmọdé kan má baà ṣèèṣì wọlé wá bá àna ilé ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Ó fa nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sílẹ̀, ó sùn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojóbó ni ìdè tó ń fún pọ̀ sí i bí wọ́n bá ṣe ń fà á tó. Àwọn ọdẹ ló ń lò ó fún ẹran ìgbẹ́, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń lò ó. Ó yẹ kó tún mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjì ni ènìyàn ní. Ọ̀já kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí pajápajá ti sọ di ilé, ni wọ́n fún, wọ́n sì fi òsì sílẹ̀ lómìnira.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, pajápajá mú ẹsẹ̀ òsì.

Ẹ̀yìn ojúgun le bí ọmọ ọlọ. Ohun tí ara máa ń ṣe nígbà tí irú ìrora bẹ́ẹ̀ bá jí i ni kó fò dìde, òǹkọ̀wé sì fò dìde. Ọ̀já kò jẹ́ kó dé ilẹ̀. Ibi tí ó gùn dé kò kọjá orí fóòmù. Ó bá ara rẹ̀ ní ìdúró, ó kọjú sí fèrèsé, gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ti tẹ̀ lé ọ̀já lọ há sáàárín irin. Òǹkàwé lè rò pé ìwòsàn dé nìyẹn, torí a ti sọ lókè pé kí ènìyàn dúró lórí ẹsẹ̀ tí pajápajá mú. Ilẹ̀ líle la sọ. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan lórí fóòmù tó ń mì, ẹran ẹ̀yìn ojúgun yẹn kan náà ló ń ṣiṣẹ́ tí kò fi ṣubú. Gbogbo ìgbà tó bá sì fì, ẹran náà á tún súnkì láti gbà á dúró. Òǹkọ̀wé fì gan-an ni. Ó nawọ́ méjèèjì, ó di irin fèrèsé mú, nẹ́ẹ̀tì já lókè, ó bò ó mọ́lẹ̀ láti orí dé ìdí. Ó ké.

Ohun tí àwọn alásè rí láti ẹ̀yìnkùlé nìyí, gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe ròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́: ní fèrèsé yàrá olóògbé, nínú ìmọ́lẹ̀ iná igi, ohun funfun kan dúró. Kò ní ojú. Ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń mi irin fèrèsé, ó ń kérora. Ẹni tó ń yí ẹran nínú ìkòkò ju ṣíbí gígùn ọwọ́ rẹ̀ nù. Ìkejì rẹ̀ kúnlẹ̀, ó pe orúkọ olóògbé, ó bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, ó ní wọn ò gbàgbé rẹ̀, ìnáwó ló jẹ́ kí ọwọ́ dí. Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ẹ̀yìnkùlé, ìkòkò ẹran àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. “Ẹ gbà mí” ni òǹkọ̀wé ń sọ ní gbogbo àkókò yìí, ṣùgbọ́n ó fi eyín le eyín, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde bí ọ̀rọ̀.

Ilé jí. Jẹnẹrétọ̀ ti kú tipẹ́, kò síná. Àwọn ọkùnrin inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbé igi, ọ̀kan gbé àdá, wọ́n ń lu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, wọ́n ń pe olè náà kó jáde bó bá jẹ́ ọkùnrin. Ìyá ìyàwó gba ẹ̀yìnkùlé yọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó tàn án sí fèrèsé. Ó rí ojú ọkọ ọmọ rẹ̀ nínú nẹ́ẹ̀tì, ó rí ẹsẹ̀, ó rí ìdè lára irin.

“Yéè! Olè ti de ọkọ mi mọ́ fèrèsé!”

“Màmá, kì í ṣe olè.”

“Ta ló wá dè yín?”

Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kankan tó bójú mu. “Èmi ni mo de ara mi, mà,” ni òǹkọ̀wé fi fèsì, ariwo ẹ̀yìnkùlé sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin, ó rọra sọ fún un pé kó lọ bá òun mú òróró àdúrà wá nínú yàrá.

Ibí yìí ló yẹ kí a ti dá ẹ̀fẹ̀ dúró. Kí òróró tó dé, ọ̀rọ̀ ti di tàwọn ayé: ẹnì kan ní kì í ṣe ojú lásán, òmíràn ní òun ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú yàrá yẹn, òmíràn ń bèèrè ẹni tó gbé oúnjẹ alẹ́ fún un. Wọ́n jẹ́ àgbàlagbà tó lé ní mẹ́wàá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí pajápajá kò mú rí. Ẹran ẹsẹ̀ wà ní dídì gbagidi níwájú wọn, ìtàn àjẹ́ ni wọ́n ń sọ, kò sì sí ẹnì kan tó bèèrè ibi tó ń dùn ún. Irú ìwà yìí kan náà ló ń pa àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń gbé láti ilé àdúrà kan sí òmíràn títí tí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́.

Ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò ló bèèrè. Àgbàlagbà ni, ariwo ló pè é. Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì gba àárín irin, ó wò ó fínnífínní.

“Pajápajá lásán ni. Ẹ tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀.”

“Kò dé ilẹ̀, bàbá.”

“Kí ní fà á tí ò dé ilẹ̀?”

“Ọ̀já ni.”

“Ẹ tú ọ̀já.”

Ojóbó tí àgbàlagbà ti fi gbogbo ara fà kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ń tú. Ọdẹ bèèrè ọ̀bẹ. Èyí tó wà nítòsí ni ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ẹran, tí ọ̀rá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Alásè tó ti ń bẹ olóògbé tẹ́lẹ̀ ló fi fún un, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára òǹkọ̀wé. Ọdẹ nawọ́ bọ inú irin, ó gé ọ̀já. Òǹkọ̀wé ré lulẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, ìrọ̀rí àti ìdajì ọ̀já. Ó fi gìgísẹ̀ òsì ti ògiri, ó na orúnkún. Ẹran náà dẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ dùn ún ju pajápajá lọ.

Níta, Màmá mú ìdajì ọ̀já tó kù lára irin, ó tẹ́ ẹ sí iwájú tọ́ọ̀ṣì. “Ọ̀já tí mo fi pọn ìyàwó yín rèé,” ló wí, kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àwọn yòókù ló sọ ọ́. Ìròyìn dé etí alága ìjókòó kí wọ́n tó so aṣọ mọ́ àga, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ alága ìjókòó mọ̀ pé kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí wọ́n má dìde títí wọ́n á fi ṣèlérí pé àwọn ò ní so ara àwọn mọ́ fèrèsé ilé yìí, torí ẹni tó ń ṣe ìyẹn ti wà ńlẹ̀. Ó pe òǹkọ̀wé jáde, ó gba owó ìtanràn ọ̀já lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ẹbí méjèèjì, ó kà á lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kò pé, ó tún gbà. Onílù náà kò dákẹ́.

Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ alága náà kò dé etí òǹkọ̀wé. Kì í ṣe àánú Ọlọ́run, oògùn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ó ti tiro lọ sí kẹ́mísìtì kan ní ìkóríta, tí ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ sì ka kuníìnì sínú ọ̀rá pélébé fún un, ó ní òun ló ń lé pajápajá lọ. Nígbà tí ìdána fi bẹ̀rẹ̀, etí òǹkọ̀wé ti ń hó kíkankíkan, gángan sì ń dún bí ẹni pé òdìkejì odò Ògùn ni wọ́n ti ń lù ú. Etí híhó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì tí kuníìnì máa ń fi han ẹni tó bá lò ó. Àwọn yòókù kò ṣeé fi ṣẹ̀fẹ̀: ó lè ba lílù ọkàn jẹ́, ó sì lè pa àwọn ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́ run débi pé ẹ̀jẹ̀ á máa ya lára ènìyàn. Ọmọkùnrin náà kò bèèrè bóyá oníbàárà ní àrùn ọkàn. Kò bèèrè oògùn tó ń lò. Ṣéńjì nìkan ló bèèrè.

Kuníìnì kì í ṣe oògùn èké. Láti ara èèpo igi cinchona ti òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá; Pelletier àti Caventou ló yọ ọ́ jáde ní Paris ní ọdún 1820, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ́wọ́ ibà. Ó ń dín pajápajá kù díẹ̀ pẹ̀lú. Ewu rẹ̀ ló pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ fún àìsàn tí kì í pani. Ní 1994, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fòfin de títà rẹ̀ láìní ìwé dókítà fún pajápajá; ní 2006, ó tún pàṣẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tà á láìgba àṣẹ dáwọ́ dúró. Àwọn kan wá ń mu omi tónìkì tó korò dípò rẹ̀, torí kuníìnì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ó ju mílígíráàmù 83 lọ nínú lítà kan, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rí mílígíráàmù 300, ìyẹn ìwọ̀n hóró oògùn kan, yóò mu ju lítà 3 àbọ̀ lọ kó tó sùn. Pajápajá kọ́ ni yóò máa jí i lóru ọjọ́ náà.

Ìdènà tó dára jù kò ní ohun èlò. Kí ènìyàn kọjú sí ògiri kó tó sùn, kí ó jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri, kí ó tẹ̀ síwájú láìgbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, títí ẹ̀yìn ojúgun yóò fi máa fà á láìjẹ́ pé ó ń dùn ún. Kí ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ó sinmi, kí ó tún un ṣe ní ìgbà mélòó kan. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Harry Daniell, ti dábàá irú rẹ̀ láti 1979. Ìwádìí kan ní Britain ní 2005 kò rí àǹfààní nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Netherlands ní 2012, wọ́n pín àwọn 80 tó ti lé ní ọmọ ọdún 55 sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó ń na ẹ̀yìn ojúgun àti ẹ̀yìn itan lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 rí ìdínkù tó ṣe kedere ju àwọn tí kò nà án lọ. Kò ní owó nínú, kò ní ewu nínú, ògiri sì wà ní gbogbo ilé. Ní ti bí a ṣe ń sùn, ó tó kí aṣọ ìbora má fún mọ́ ẹsẹ̀, kí ẹni tó ń dojú bolẹ̀ sùn sì jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Bí ènìyàn bá nílò bàtà òru, kí oníṣègùn wọ̀n ọ́n fún un.

Wọ́n tún ń ta magnesium fún pajápajá. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane, àjọ tó ń ṣàgbéyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, gbé jáde ní 2020 fi hàn pé kò jọ pé ó ń ṣe àǹfààní tó ní láárí fún àwọn àgbàlagbà tí pajápajá ń mú. Ní ti àwọn aláboyún, àbájáde ìwádìí ta kora. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dára fún ikùn, kò sì sí ẹ̀rí pé potassium inú rẹ̀ ń dá pajápajá òru dúró lára ẹni tí kò ṣaláìní in. Mọ̀lẹ́bí kan ní Houston fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí òǹkọ̀wé fi ọṣẹ sábẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, pé ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe nìyẹn. Lóòótọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀dì á máa ta sánsán.

Ìrora ẹsẹ̀ mìíràn wà tó fara jọ pajápajá tí kì í ṣe òun. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tí ìrora rẹ̀ kò sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìrìn àjò gígùn, tàbí lára aláboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pani. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ náà, kì í ṣe kí wọ́n máa ra á. Ìrora tó ń mú ẹ̀yìn ojúgun nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, tó sì ń lọ bó bá dúró, sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tí kò ráàyè dé ẹsẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ló máa ń ṣe jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń yún un láti máa gbé e kiri lálẹ́, tí ẹran rẹ̀ kò le, tí ara sì ń tù ú bó bá ti gbé e, àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Pajápajá tó ń dé lóòrèkóòrè lè ní àìsàn kíndìnrín tàbí ti ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn. Ó sì lè wá láti inú oògùn: àwọn tó ń mú ni tọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn statin tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, àti àwọn kan nínú èyí tí àwọn tó ní ikọ́ fée (asthma) ń fà símú. Ẹni tó bá fura sí oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó kó gbogbo oògùn tó ń lò dání lọ bá dókítà tó kọ ọ́, tó fi mọ́ èyí tó rà nínú ọ̀rá pélébé.